Ó Dùn, Ẹ Tún Ṣe Sí I

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣì wà lórí fóònù wa, a ò pa á rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́, àmọ́ tí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ohun tó wà níbẹ̀ ò ju báyìí lọ: "Háà, ó mà dùn o! Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa tún ṣe òmíràn?" A fi emoji ẹ̀rín mẹ́ta sí ìdí rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀kan tó ń yọ ahọ́n. Oúnjẹ òkú ni oúnjẹ tí à ń yìn yẹn. Ọkọ obìnrin tó fi ránṣẹ́ sí wa ló kú. Ogójì ọjọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwa sì ń béèrè ìgbà tí wọ́n á tún ṣe òmíràn.

Tottenham là ń gbé, ní àríwá London. Ẹni tó bá mọ apá ibẹ̀ á mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀lùbọ́ àti ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ará Túrkì ti ń ta ólífì kì í jìnnà síra. Tọkọtaya ni wá. Ọ̀kan nínú wa ń kọ code jẹun, èkejì ń tọ́jú aláìsàn. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti mọ èyí tó ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí nínú wa. Àwa méjèèjì la jọ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ́jọ́ ẹ̀. Lókè wa gan-an ni màmá kan láti Túrkì ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ wọn obìnrin kan. Teyze là ń pè é. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni lobìnrin ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi pe àgbà obìnrin tí kò bá èèyàn tan, bí àwa náà ṣe ń pe aládùúgbò ní "mọ̀mí." Ó tó ọdún mẹ́rin tí a ti jọ wà nínú ilé yẹn. Ìkíni orí àtẹ̀gùn ni gbogbo ohun tó wà láàárín wa, tá a bá yọ ti ẹrù tí ọmọbìnrin wọn máa ń bá wa gbà nígbà tí a ò bá sí nílé.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìparí ọdún 2023, a ń ti ọjà bọ̀, la bá rí i tí bàtà kún ẹnu ọ̀nà Teyze, ó kún débi pé ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bàtà ọkùnrin, bàtà obìnrin, bàtà ọmọdé. A ní, "Àwọn ará òkè ń ṣe fàájì lónìí." Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ ní tó bá di aago mẹ́wàá tí ariwo ò rọlẹ̀, òun á lọ kanlẹ̀kùn fún wọn. Ariwo wo? Kò sí ariwo kankan. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó yà wá lẹ́nu: bàtà ogún èèyàn, síbẹ̀ a ò gbọ́ orin, a ò gbọ́ ẹ̀rín.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù nígbà tí ọmọbìnrin náà kanlẹ̀kùn. Ọmọ ọdún 15 ni. Ó gbé àwo kan dání tí wọ́n fi pépà bò, ó ní màmá àgbà ní kí òun gbé e fún wa, ó sì ti yí padà kí a tó dúpẹ́ tán. Nǹkan inú àwo náà pọ́n bí i gààrí tí wọ́n yan kọjá ibi tó yẹ, ó ń dán fún bọ́tà, wọ́n fi ṣíbí mọ ọ́n bí ẹyin. Èso wẹ́wẹ́ kan wà láàárín rẹ̀ tó jọ kóró ẹ̀gúsí. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Fíìmù wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Kí fíìmù náà tó dé ìdajì, àwo ti mọ́ fónífóní, a ti ya fọ́tò ohun tó kù kó tó tán, a sì ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ wa ránṣẹ́ sí fóònù ọmọbìnrin yẹn pé kó bá wa kà á fún màmá. Teyze ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, itọ́ ṣì ń dà lẹ́nu wa. A gbéra, ó di Green Lanes, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Túrkì pọ̀ sí. A fi fọ́tò han ọkùnrin tó wà nídìí owó. Ó ní kò le: irmik rèé, bọ́tà rèé, çam fıstığı rèé. Irmik ni semolina. Èyí èkejì ni èso igi páìnì tó jọ ẹ̀gúsí yẹn, owó rẹ̀ sì tó ohun tí èèyàn fi ń ra ẹran. Ó wá béèrè ibi tí a ti jẹ ẹ́. A ní aládùúgbò wa ni, pé èrò pọ̀ nílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé bàtà kún ẹnu ọ̀nà, pé ó dà bíi pé gbogbo ilé ni wọ́n gbé àwo kọ̀ọ̀kan fún. Ọkùnrin náà dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ta ló kú níbẹ̀?"

A rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Irmik helvası lórúkọ oúnjẹ náà. Helva, halva, halwa, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà ni wọ́n ti yọ jáde, ohun dídùn ló sì túmọ̀ sí. Òun náà ló rìn dé ilẹ̀ Hausa tó di alawa, tí wọ́n fi ń pe súìtì. Ní Íńdíà, ghee ni wọ́n fi ń yan semolina tiwọn, wọ́n á fi cardamom sí i, wọ́n á sì gbé e síwájú òrìṣà wọn kí wọ́n tó pín in jẹ. Àwọn ará Gíríìsì ń fi òróró ṣe é nígbà Lẹ́ńtì, torí wọn kì í fẹnu kan bọ́tà nígbà ààwẹ̀ yẹn, ìṣirò wọn sì dùn mọ́ ẹni tó ń kọ code nínú: òróró 1, semolina 2, ṣúgà 3, omi 4. Ní Túrkì, wọ́n lè ṣe helva nígbà ayọ̀, wọ́n lè ṣe é fún ọmọ tó ń lọ sí iṣẹ́ ológun, ẹni tó bá sì wù ú lè ṣe é jẹ lásán lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀. Àmọ́ ikú ló ni ín jù. Wọ́n á ṣe é lọ́jọ́ tí èèyàn bá kú, wọ́n tún lè ṣe é ní ọjọ́ 7, ọjọ́ 40 àti ọjọ́ 52, wọ́n á gbé e ká àdúgbò. Wọ́n ní òórùn rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ òkú.

Ìdí tó fi dùn wá jù ni pé kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ta ni ò mọ àkàrà òkú? Tí àgbà bá kú tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n á dín in, wọ́n á pín in kiri, kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tí wọ́n ń dín àkàrà sí. Àwọn Mùsùlùmí wa ń ṣe sàráà, wọ́n ń ṣe fídáù lọ́jọ́ kẹjọ. Tó bá jẹ́ àkàrà ni Teyze gbé wá pẹ̀lú bàtà ogún èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, a ò ní jókòó ti fíìmù. Ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹga ló ní ẹga ń pàátó. Àwa ò tiẹ̀ gbọ́ pé ẹga ń ké.

A bá ọmọbìnrin náà pàdé lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kejì. Ó fẹ́ kọjá, a dá a dúró, a béèrè. Ó ní, "Bàbá àgbà mi ni. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?" Ilé ìwòsàn ni bàbá kú sí. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí ìletò kan nítòsí Kayseri, wọ́n sin ín síbẹ̀, Teyze ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀hún ni. A béèrè pé kí ló wá kà fún màmá nínú ohun tí a kọ. Kò wojú wa. Ó ní òun sọ fún màmá pé a ní kí Ọlọ́run ṣàánú bàbá, pé ara wa ò yá la ò fi lè gòkè wá. Ó wá wò wá wàyí, ó ní, "Ẹ má sọ fún un o."

Ohun tí a fẹ́ bá yín rò rèé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á. Nígbà tí a wọlé, gbólóhùn tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "A ò mọ̀ ni ṣá." Ṣé gbólóhùn yẹn tó? Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ló ń mú èkúté ilé pe ològbò níjà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eku yẹn ló máa fi ara rẹ̀ jìyà àìmọ̀ rẹ̀. Tiwa yàtọ̀. Àwa la ò mọ̀, ẹlòmíì ló gbọgbẹ́.

Aristotle sọ̀rọ̀ lórí èyí nínú apá kẹta ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Nicomachean Ethics. Ó ní ohun tí èèyàn ṣe nítorí àìmọ̀, kò fínnúfẹ́dọ̀ ṣe é. Ó tún wá ya ẹni tó kẹ́dùn lẹ́yìn tó mọ ohun tó ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò kẹ́dùn. A fẹ́ràn ìyẹn gan-an lálẹ́ ọjọ́ náà, torí a ti ń kẹ́dùn, ó sì dà bíi pé adájọ́ ti dá wa láre. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó fu wá lára. Nígbà tí a ka ìwé náà síwájú, bàbá yìí ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀: ó ní tó bá jẹ́ èèyàn fúnra rẹ̀ ló fa àìmọ̀ ara rẹ̀, bí ọ̀mùtí tó mu ọtí yó kó tó ṣẹ̀, àìmọ̀ yẹn ò gbà á lọ́wọ́ ìyà.

Àwa ò mutí. Kí ló wá fà á tí a ò fi mọ̀?

Kò sẹ́ni tó lè bi wá pé kí ló dé tí a ò mọ àṣà helva. Ayé gbòòrò, oúnjẹ pọ̀, èèyàn kan ò lè mọ ìtumọ̀ gbogbo àwo tí wọ́n bá gbé wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin kan ń gbé lórí wa. Ó ń húkọ́. Láàárọ̀ kùtù, bí aago márùn-ún, a máa gbọ́ ọ tó ń rìn lọ sí ilé ìdáná, á húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á ṣí ẹ̀rọ omi. Ọdún mẹ́rin la fi gbọ́ ikọ́ yẹn. Ó ti lé ní oṣù méjì tí a ò gbọ́ ọ mọ́ kí wọ́n tó gbé helva wá. Ẹ ò sì ní gbà pé a ò kíyè sí i, torí a kíyè sí i! Ọ̀kan nínú wa sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ kan nídìí tíì pé, "Àwọn ará òkè ti ń jẹ́ ká sùn báyìí." Èkejì ní, "A dúpẹ́." Ó tán.

Nínú iṣẹ́ wa, nǹkan kan wà tí à ń pè ní log. Ẹ̀rọ á máa kọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀ fúnra rẹ̀, wákàtí sí wákàtí. Tí nǹkan bá wá dàrú, ẹnikẹ́ni ò ní bi ẹ́ pé ṣé o mọ̀. Ohun tí wọ́n á bi ẹ́ ni pé ṣé o ka log. Èèyàn tó bá ní òun ò mọ̀, tí log sì ti ń pariwo láti oṣù méjì, wọ́n á kàn wò ó ni. Ikọ́ tó dáwọ́ dúró yẹn, log ni. A kà á, a sì túmọ̀ rẹ̀ sí oorun wa. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé "a ò mọ̀," ohun tí a ò mọ̀ gan-an ò ju orúkọ oúnjẹ lọ. Ti ọkùnrin náà, a ní ohun tó yẹ ká fi mọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹjọ́ sílẹ̀ ná, ká wọ ilé ìdáná.

A ti ra irmik, a ò lè da á nù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nǹkan kan ń ṣe wá bíi pé kí a fi ọwọ́ wa ṣe ohun tí a fi ẹnu bàjẹ́. Ìdá àkọ́kọ́, a fẹ́ fi ọgbọ́n orí ṣe é. Irmik ife 2, bọ́tà gíráàmù 125, mílíìkì ife 3, ṣúgà ife kan àbọ̀, èso páìnì ṣíbí 3. Nínú fídíò, wọ́n ní kí a yan irmik nínú bọ́tà lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 30 sí 40, kí a máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Ogójì ìṣẹ́jú lórí ìyẹ̀fun! A yan án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a da mílíìkì sí i. Ohun tó jáde ni òkèlè. Òkèlè sẹ̀mó gidi, tó ń yọ̀, tó dùn. Ọ̀kan nínú wa ní tí ẹ̀fọ́ bá wà nílé, kò burú. Ìdá kejì, a fẹ́ ṣàtúnṣe, a gbé iná sókè kó lè tètè pọ́n, ìdí rẹ̀ jó, òkè rẹ̀ funfun.

Nígbà tó yá la tó mọ ìdí tí kò fi ṣe é kánjú. Bọ́tà gbọ́dọ̀ bo hóró kọ̀ọ̀kan lára, ooru sì gbọ́dọ̀ wọ inú hóró náà díẹ̀díẹ̀ títí á fi yan. Irú hóró bẹ́ẹ̀ á mu mílíìkì, á wú, kò ní lẹ̀ mọ́ èkejì. Èyí tí kò yan dénú ló máa di kókó. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Gbogbo iṣẹ́ tí a kọ́ nílé ìwé, ọ̀nà àbùjá ló dá lé: nǹkan tí èèyàn bá ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kó kọ code tí á máa bá a ṣe é. A tiẹ̀ wo ẹ̀rọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè máa ro ìkòkò fúnra rẹ̀. Ojú tì wá díẹ̀, a pa ojú ìwé náà dé.

Ìdá kẹta la wà nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Teyze ni, ó wọ sílípáàsì, ó fi ìbòrí bo irun. Òórùn bọ́tà ti gòkè lọ bá a. Kò sọ nǹkan kan, ó kọjá sí ìdí gáàsì, ó wo inú ìkòkò, ó mi orí, ó rẹ iná sílẹ̀. Ó wá gba orógùn lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ni, orógùn àmàlà la fi ń rò ó, ó sì gbé e sókè wò ó, ó dà bíi pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn ju ṣíbí tirẹ̀ lọ.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kéré, Túrkì tiwa ò sí rárá. Ọwọ́ ló fi kọ́ wa. Ó fi èso páìnì hàn wá: òun ni aago rẹ, kí o máa wo òun. Tó bá ṣì funfun, irmik ò tíì dé ibì kankan. Tó bá ti pọ́n bí awọ èèpo ẹ̀pà, múra sílẹ̀. Ó jẹ́ kí mílíìkì àti ṣúgà gbóná lọ́tọ̀, ó sì tì wá sẹ́yìn kó tó dà á sí i, torí ó máa ń ta sókè bí òróró àkàrà tí omi kán sí. Ó dé e. Nígbà tó mu ún tán, ó pa iná, ó fi aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́ sí abẹ́ ìdérí kí omi ooru má baà kán padà sínú rẹ̀, ó sì ní kí a jókòó. Bí ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí a jẹ nígbà tó ṣí i, a ò ní ṣe àpèjúwe rẹ̀, ẹ lọ sè é.

Àmọ́ nígbà tí ó ń yan án lọ́wọ́ ni nǹkan tí a fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Wọ́n kì í dá ro helva. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sínú, a gbọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó wá na orógùn sí ọ̀kan nínú wa, ó fi ìka kàn án láyà, ó gbé ojú sókè bí ẹni tó ń béèrè: tìẹ ńkọ́? Ta ni tìẹ?

Bàbá ọ̀kan nínú wa kú ní Ìbàdàn ní oṣù Karùn-ún 2020. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú pa fún èrò láti òkè òkun. A wo ìsìnkú rẹ̀ lórí fóònù, àwòrán ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró. Èèyàn mélòó kan ló dúró ti sàréè. Àkàrà kankan ò jáde nílé yẹn, torí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù láti gba oúnjẹ lọ́wọ́ ara wọn. Iṣẹ́ ọjọ́ kejì la fi parí ọ̀fọ̀ tiwa: ní aago mẹ́sàn-án, kọ̀ǹpútà ti wà ní títàn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹnì kan fi orógùn lé wa lọ́wọ́, ó ní kí a pe orúkọ. A pè é. A rò ó títí apá fi ń ro wá.

Ìgbà tí Teyze lọ tán ni ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín wa.

Ọ̀kan nínú wa ní kí a lọ jẹ́wọ́. Obìnrin tí a fi òkú ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ló wá kọ́ wa bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀, a ò sì lè máa jẹ helva rẹ̀ lórí irọ́. Èkejì ní, "Kí lo fẹ́ kó fi ìjẹ́wọ́ yẹn ṣe?"

"Kó mọ̀."

"Kó mọ kí ni? Pé lọ́jọ́ tí òun ń sunkún, a ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀? Ṣé ẹ̀bùn nìyẹn?"

"Ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀ tí kò mọ̀, ṣé wọn ò jí i ni?"

"Owó tí wọ́n jí, ó dín nínú àpò. Kí ló dín lára Teyze?"

A sùn lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ibi tí a ti ṣe kókó jù ni pé ìjẹ́wọ́ ní ìwúwo, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ gbé e. Tí a bá sọ fún un, ara wa á fúyẹ́, òun ló máa wá jókòó tí á máa tù wá nínú, tí á máa sọ pé kò burú, kò burú, torí irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. A ó ti gba oúnjẹ rẹ̀, a ó tún gba ìtùnú rẹ̀. Ní òdìkejì, ó rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ láti sọ pé òun ò fẹ́ da ẹni tí òun ṣẹ̀ láàmú. Gbogbo olè ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Àti pé irọ́ ọmọbìnrin yẹn wà níbẹ̀. Tí a bá tú tiwa, a ti tú tirẹ̀.

Ojú ẹsẹ̀ tí a sọ orúkọ ọmọ yẹn ni ojú wa là. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń ro ti Teyze nìkan. Ojú Yorùbá tiwa, àgbà ló máa ń wò kọ́kọ́. Òkú, àgbà ló ni ín, àgbà la á kí, àgbà la á bẹ̀. Ta ló gba àtẹ̀jíṣẹ́? Ọmọ ọdún 15 kan, bàbá àgbà rẹ̀ ti kú, ilé kún, ó gbé àwo lọ gbé àwo bọ̀ láti àárọ̀, fóònù rẹ̀ dún, ó kà á: ìgbà wo lẹ máa tún ṣe òmíràn? Ó kà á lójú gbogbo wọn. Màmá ní, kí ni wọ́n wí? Ó sì ní láti wá àdúrà kan fi sí ẹnu wa láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sọ ọ́ láìjẹ́ kí ojú òun yí padà. Òun la ṣẹ̀. Teyze ò gbọ́ nǹkan kan rí. A ń bá ara wa jà lórí ẹni tí a máa bẹ̀, ẹni tó yẹ ká bẹ̀ sì ń bá wa gba ẹrù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Nínú Yorùbá, "pẹ̀lẹ́" rọrùn. Ẹni tó kọsẹ̀ níwájú wa, a ó sọ pé pẹ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kọ́ la gbé òkúta síbẹ̀. Ó gbà wá láàyè láti bá èèyàn kẹ́dùn láìrojọ́. Àmọ́ "ẹ má bínú" sí ọmọ tí a lè bí, ìyẹn ò tètè jáde. A dúró dè é lórí àtẹ̀gùn bí agbowó ilé. A ní ohun tí a kọ sí i lọ́jọ́ náà ò dáa, pé kò yẹ kó jẹ́ òun ló máa ru ú, pé kó má bínú. A ní a ti ń gbọ́ ikọ́ bàbá tẹ́lẹ̀, a sì gbọ́ nígbà tó dáwọ́ dúró, a ò sì béèrè. Ó gbé èjìká sókè bí àwọn ọmọ ibí ṣe máa ń ṣe. Ó ní bàbá àgbà òun ì bá rẹ́rìn-ín tó bá kà á, aláwàdà ni. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àmọ́ èmi ò rẹ́rìn-ín." A ní a mọ̀. Ó ní kí a gbé ẹrù wa, pé ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn láti àná.

A ò sọ fún Teyze. Títí di òní tí à ń kọ èyí, ọ̀kan nínú wa ṣì gbà pé ó yẹ kí a sọ, èkejì ò gbà. A ò ka ara wa sí aláìlẹ́bi nítorí pé ọmọ náà gbà á, ẹ má sì jẹ́ kó dà bíi pé à ń wá ìyìn.

Ọdún kan pé tí bàbá kú. A béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà bóyá a lè ṣe helva, ó ní kò sí ẹni tó ń gbàṣẹ fún ìyẹn. A jí ní aago márùn-ún àárọ̀ Sátidé, a ro ó fún ìṣẹ́jú 40 gbáko, a ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Èso páìnì wọ́n jù lọ́sẹ̀ yẹn, a fi ẹ̀pà tí a gé wẹ́wẹ́ kún un. A fi ṣíbí mọ ọ́n sínú àwo Teyze fúnra rẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ wa látọjọ́ yẹn, a gbé e gòkè. Bàtà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. A bọ́ tiwa kún un.

Teyze fi ìka mú díẹ̀, ó tọ́ ọ wò níwájú gbogbo àlejò. Ó ní ṣúgà rẹ̀ pọ̀. Ó yọ ẹ̀pà kan jáde, ó wò ó, ó jẹ ẹ́. Ó wá jókòó ti àwo náà, kò pín in, ó jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó gbójú sókè, ó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa: "Daha var mı?" A yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó bá wa túmọ̀ rẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ó ní, "Màmá ní ṣé ó ṣì kù."